Àgbàdo gúgúrú nínú yàrá ní Àgbádárìgì: àkọsílẹ̀ iṣẹ́ láti hóró dé ìkòkò

Ohun méjì ni yàrá máa ń gbà lọ́wọ́ àgbàdo: afẹ́fẹ́ tó ń gbé ìyẹ̀ òdòdó kiri, àti oòrùn tó ń gbẹ ọmọ lórí igi. Omi, ajílẹ̀ àti ìmọ́lẹ̀, owó lè rà wọ́n. Ẹni tó gbìn ín sínú ilé tó wá rí ṣùkù tó fẹ́rẹ̀ẹ́ ṣófo, tàbí tó rí hóró tó kọ̀ láti bẹ́ lórí iná, ọ̀kan nínú méjèèjì yìí ló já a kulẹ̀. Nítorí náà ni àkọsílẹ̀ yìí ṣe yára kọjá lórí gbíngbìn, tó sì jókòó pẹ́ sórí òdòdó àti gbígbẹ.

Ìdí tí a fi gbé e wọlé kò ju pé àyíká Àgbádárìgì kún fún àgbàdo sísè. Ìyẹ̀ wọn ń fẹ́ kiri, tó bá sì bà lé irun ọmọ gúgúrú, hóró tó máa jáde níbẹ̀ lè jẹ́ àdàlù tí inú rẹ̀ rọ̀, tí kì í bẹ́ dáadáa. Àwọn irú gúgúrú kan wà tí kì í gba ìyẹ̀ àgbàdo mìíràn, àmọ́ ojú lásán kò lè mọ̀ wọ́n yàtọ̀. Ògiri yàrá dín ìyẹn kù púpọ̀. Ewúrẹ́ àti adìẹ náà ò sì lè wọlé.

Ìgbà àti fèrèsé

Ọ̀dọ̀ gbígbẹ ni a ti ka ìgbà padà sẹ́yìn. Afẹ́fẹ́ etí òkun àti ọ̀sà máa ń tutù yípo ọdún, ìgbà ọyẹ́ ló máa ń fúnni láyè díẹ̀. Irú gúgúrú kúkúrú máa ń gba nǹkan bí ọjọ́ 100, nítorí náà ìbẹ̀rẹ̀ oṣù Kẹwàá ni hóró wọlẹ̀, kí ìkórè lè bọ́ sí àárín oṣù Kìíní.

Àkókò yìí náà ló sọ fèrèsé tí a máa lò. Láti oṣù Kẹwàá títí wọ oṣù Kejì, gúúsù ni oòrùn ọ̀sán máa ń gbà kọjá lọ́dọ̀ wa. Ní nǹkan bí ọjọ́ 21 oṣù Kejìlá, ìwọ̀n 60 ni ó máa ń ga sókè lọ́sàn-án gangan. Fèrèsé tó dojú kọ gúúsù, tí orí rẹ̀ ga tó mítà 2.1 láti ilẹ̀, yóò jẹ́ kí oòrùn wọlé tó mítà 1.2 sórí ilẹ̀ yàrá. Ibẹ̀ gan-an ni a to bọ́kẹ́ẹ̀tì sí. Kí ẹ kọ́kọ́ jáde wo etí òrùlé o: tí páànù bá yọ síta jù, òjìji rẹ̀ ló máa wọlé dípò oòrùn. Ẹni tó bá fẹ́ gbìn ní oṣù Karùn-ún, fèrèsé ìlà-oòrùn ni kó lò, torí oòrùn ọ̀sán á ti sún sí àríwá.

A kan nẹ́ẹ̀tì ẹ̀fọn mọ́ fèrèsé náà, a sì fi igi tẹ́ẹ́rẹ́ tẹ etí rẹ̀ mọ́lẹ̀ yíká. Nẹ́ẹ̀tì kò dá ìyẹ̀ òdòdó dúró, ìyẹ̀ ti kéré jù fún ojú ihò rẹ̀. Àfòpiná tó ń bí kòkòrò ajewé ni a ń ta kọ̀.

Bọ́kẹ́ẹ̀tì àti ohun tó wọ inú rẹ̀

Bọ́kẹ́ẹ̀tì ọ̀dà onílítà 20 méjìlá, èyí tí wọ́n fi ta ọ̀dà olómi, kì í ṣe ti ọ̀dà olóròóró. A fi irin gbígbóná lu ihò mẹ́jọ tó fẹ̀ tó mìlímítà 10 sí ìdí ọ̀kọ̀ọ̀kan. A tò wọ́n ní mẹ́ta lọ́nà mẹ́rin, ó gba 90 sẹ̀ǹtímítà níbùú àti 120 lóròó. Ẹ má tò wọ́n ní ìlà kan ṣoṣo lẹ́gbẹ̀ẹ́ fèrèsé. Àgbàdo tó wà ní ìlà kan, ìyẹ̀ rẹ̀ á kàn bọ́ sílẹ̀ láìkan irun ẹnìkejì. Bọ́kẹ́ẹ̀tì tó ti mumi lè wọn kílò 15, méjìlá á wá sún mọ́ kílò 180. Ilẹ̀ sìmẹ́ńtì lè gbé e, pákó òkè pẹ̀tẹ́ẹ̀sì ni kí ẹ má dán an wò lórí rẹ̀.

Ilẹ̀ àgbọn ni Àgbádárìgì, nítorí náà lẹ́búlẹ́bú tó ń bọ́ nígbà tí wọ́n bá ń fa okùn lára èèpo àgbọn kò wọ́n. Ó fúyẹ́, ó sì ń di omi mú ju yanrìn wa lọ. Àléébù rẹ̀ ni iyọ̀. Èèpo tí wọ́n ti rẹ sínú omi ọ̀sà burú jù lọ. A kó o sínú àpò ìrẹsì, a rẹ ẹ́ sínú omi kànga fún wákàtí 24, a gbé e kọ́ kó ro, a tún un ṣe lẹ́ẹ̀mẹta. Àwọ̀ omi kò lè sọ fún yín bóyá iyọ̀ ti tán. Ẹ gbin hóró ẹ̀wà mẹ́wàá sínú rẹ̀. Bí etí ewé ẹ̀wà bá jó gbẹ láàárín ọjọ́ 10, ẹ tún un fọ̀.

Bọ́kẹ́ẹ̀tì kọ̀ọ̀kan gba lítà 18: lítà 9 lẹ́búlẹ́bú àgbọn, lítà 4.5 ilẹ̀ dúdú, lítà 4.5 ìgbẹ́ adìẹ tó ti jẹrà tí kò rùn mọ́. Ìgbẹ́ adìẹ tútù á jó gbòǹgbò.

Iná

Oòrùn fèrèsé nìkan kò tó. Àgbàdo fẹ́ràn ìmọ́lẹ̀ ju ọ̀pọ̀ ohun ọ̀gbìn lọ, tí kò bá rí i tó, ó máa ga, á tẹ́ẹ́rẹ́, á sì ṣubú. Iná LED méjì tí ọ̀kọ̀ọ̀kan ń jẹ wáàtì 100 gan-an ni a so kọ́ sókè, sẹ̀ǹtímítà 45 sí orí ewé, a sì ń fà wọ́n sókè bí igi ṣe ń ga. Wákàtí méjìlá lójúmọ́ ni ìmọ́lẹ̀ kò gbọdọ̀ jù lọ. Àgbàdo ilẹ̀ olóoru tí ẹ bá ń tan iná fún títí di ọ̀gànjọ́ á máa yọ ewé lọ láìyọ òdòdó. Ọ̀sán ni a fi tan iná, láti fi kún oòrùn.

Wáàtì 200 fún wákàtí 8 jẹ́ yúníìtì 1.6 lóòjọ́, yúníìtì 160 lọ́jọ́ 100. Ká ní náírà 200 ni yúníìtì kan, ẹgbẹ̀rún 32 náírà nìyẹn. Ẹni tó bá fẹ́ gúgúrú olówó pọ́ọ́kú, ọjà Àgbálátà ni kó lọ. Iṣẹ́ yìí wà fún ẹni tó fẹ́ mọ hóró tó ń jẹ láti ìbẹ̀rẹ̀. Tí iná kò bá ń dúró, ẹ fi èyí tó wà nínú ínfátà pamọ́ de ọjọ́ 40 sí 85, torí ìgbà náà ni ọmọ ń yọ tó sì ń kún.

Afẹ́fẹ́ òkun ń jẹ irin. Sòkẹ́ẹ̀tì gbọ́dọ̀ wà lára ògiri, ní òkè ju etí bọ́kẹ́ẹ̀tì lọ. Ẹ jẹ́ kí wáyà rọ̀ wálẹ̀ díẹ̀ kó tó gòkè wọ sòkẹ́ẹ̀tì, kí omi tó bá ṣàn lára rẹ̀ lè kán sílẹ̀. Ẹ máa fi aṣọ gbígbẹ nu ẹ̀yìn iná lọ́sọ̀ọ̀sẹ̀.

Ọjọ́ 0 sí 12

Hóró: àwọn tó ń dín gúgúrú máa ń ra hóró tútù, èyí tí kò ní òróró tàbí iyọ̀. Hóró gúgúrú kéré, ó le bí òkúta, ó sì ń dán. Irú méjì ló wà, ọ̀kan rí roboto, ẹnu èkejì ṣóńṣó bí ìrẹsì. Èyíkéyìí tí ẹ bá rí, ẹ fi 20 sínú aṣọ tútù fún ọjọ́ mẹ́rin. Mẹ́tàdínlógún ló hù nínú tiwa, ìyẹn 85%. Bí kò bá pé méjìlá tó hù, ẹ wá òmíràn.

Hóró méjì sí bọ́kẹ́ẹ̀tì kọ̀ọ̀kan, sẹ̀ǹtímítà 3 nísàlẹ̀. Àwọ̀n irin ni a fi bò wọ́n lóru, nítorí èkúté máa ń gbóòórùn hóró tó ti mumi, ó sì lè hú gbogbo rẹ̀ lóru kan. Ọjọ́ karùn-ún ni wọ́n yọ. Lọ́jọ́ kejìlá, a fi sísọ́ọ̀sì gé èyí tí kò lágbára nínú méjèèjì. Ẹ má fà á tu, gbòǹgbò wọn ti dì mọ́ra.

Ajílẹ̀ àti omi

Ìmọ̀ràn tí wọ́n sábà ń fún àgbẹ̀ ni kílò 120 náítírójìn fún hẹ́kítà kan tó ní igi 53,333. Pín in, gíráàmù 2.25 ló kan igi kan. Ìṣirò yìí ni a tẹ̀lé: NPK 15-15-15, ṣíbí tíì kan gbọọrọ, nǹkan bí gíráàmù 5, lọ́jọ́ 12, òmíràn lọ́jọ́ 26, lẹ́yìn náà yúríà gíráàmù 2, nǹkan bí ìdajì ṣíbí tíì, lọ́jọ́ 40. Àròpọ̀ náítírójìn inú wọn jẹ́ gíráàmù 2.4. A gbẹ́ ihò yíká etí bọ́kẹ́ẹ̀tì, jìnnà sí ìdí igi, a sì bo ajílẹ̀ mọ́lẹ̀. Yúríà tó bá wà lórí ilẹ̀, afẹ́fẹ́ ni yóò gbé púpọ̀ nínú rẹ̀ lọ, ẹ ó sì gbóòórùn rẹ̀ nínú yàrá.

Omi jẹ́ ìdajì lítà lọ́jọ́ méjì-méjì nígbà tí wọ́n ṣì kéré, lítà kan lójúmọ́ nígbà tí wọ́n dé orúnkún, lítà méjì nígbà òdòdó. Ẹ gbé etí bọ́kẹ́ẹ̀tì sókè díẹ̀ láàárọ̀: ìwúwo rẹ̀ á sọ ohun tí ojú kò rí.

Ohun tí ewé ń sọ: bí ewé ìsàlẹ̀ bá pọ́n láti ẹnu wọ àárín, náítírójìn ló dín. Bí etí ewé nìkan bá gbẹ, iyọ̀ ló pọ̀ jù tàbí pòtáṣíọ̀mù ló dín. Bí ewé bá kún fún ojú funfun tó mọ́ gaara, tí ohun tó dà bí lẹ́búlẹ́bú ayùn sì wà nínú ọ̀fun igi, kòkòrò fall armyworm nìyẹn, èyí tí wọ́n kọ́kọ́ rí ní Áfíríkà ní ọdún 2016, Nàìjíríà sì wà lára ibi àkọ́kọ́. Igi méjìlá kò tó ohun tí à ń fín oògùn sí. Ẹ tan tọ́ọ̀ṣì sínú ọ̀fun igi lálẹ́, ẹ fi ọwọ́ mú un, ẹ pa á.

Igi inú yàrá kì í mọ ìjì, nítorí náà egungun rẹ̀ kì í le. Láti ọjọ́ 15 ni fáànù ti ń fẹ́ sí wọn fún wákàtí mẹ́ta lójúmọ́, kí ewé ṣáà máa mì. Lọ́jọ́ 45 tí gbòǹgbò òkè yọ yíká ìdí igi, a da àpòpọ̀ sẹ̀ǹtímítà 5 bò ó.

Òdòdó: ọjọ́ 50 sí 60

Ẹ wo ọmọ àgbàdo kan dáadáa. Ìlà hóró rẹ̀ kì í jẹ́ àìdọ́gba: 12, 14 tàbí 16. Bí ó bá ní ìlà 14 tí hóró 28 sì wà lórí ìlà kan, hóró 392 nìyẹn, irun 392 ló sì gbọ́dọ̀ jáde, torí irun kan ni ti hóró kan. Irun tí ìyẹ̀ kò kàn, àyè hóró tirẹ̀ á ṣófo títí láé. Irun ìdí ọmọ ló máa ń kọ́kọ́ yọ, ti ṣóńṣó ló ń kẹ́yìn. Ìdí nìyí tí ṣóńṣó fi sábà máa ń pá: ìyẹ̀ ti tán kí irun ibẹ̀ tó dé.

Akọ wà lórí igi, abo wà lẹ́gbẹ̀ẹ́. Òdòdó orí yọ lọ́jọ́ 50, irun bẹ̀rẹ̀ sí í jáde lọ́jọ́ 53. Aago mẹ́sàn-án sí mọ́kànlá àárọ̀ ni ìyẹ̀ máa ń já. Àmọ́ yàrá tí a ti pa ní òru ní Àgbádárìgì máa ń tutù, àpò ìyẹ̀ tó bá tutù kì í lanu. A tan fáànù fún ọgbọ̀n ìṣẹ́jú láago mẹ́jọ àárọ̀ kó gbẹ, lẹ́yìn náà a pa á pátápátá, kó má baà fẹ́ ìyẹ̀ dànù.

A na bébà dúdú sábẹ́ òdòdó orí, a fi ìka kan án lẹ́ẹ̀mẹta. Ohun tó bọ́ jẹ́ ìyẹ̀fun pupa rúsúrúsú bí ìyẹ̀ròsùn, pẹ̀lú àwọn àpò kéékèèké tó ti lanu. Bébà náà gbọ́dọ̀ dúdú, torí lórí bébà funfun ẹ ò ní mọ̀ bóyá ìyẹ̀ bọ́ tàbí àpò òfìfo nìkan. A gbọn àpò kúrò, a fi búrọ́ọ̀ṣì rírọ̀ kó ìyẹ̀, a sì fi pa irun igi mìíràn láti òkè dé ìdí. Irun àgbàdo ní irun wínníwínní lára, ìyẹ̀ á sì lẹ̀ mọ́ ọn lójú yín kòrókòró. Ẹ má tọ́jú rẹ̀ de ọ̀sán: kì í pẹ́ kú, ooru tó bá kọjá 35°C sì ń yára pa á.

Ọjọ́ mẹ́fà léraléra ni a ṣe é. Igi tó pẹ́ yọ irun ni ìṣòro, torí akọ ti ń gbẹ. Ohun tó gbà wá ni pé bọ́kẹ́ẹ̀tì mẹ́ta ni a gbìn lẹ́yìn ọjọ́ márùn-ún sí ti àwọn yòókù, òdòdó tiwọn ṣì wà nígbà náà.

Àyẹ̀wò: lẹ́yìn ọjọ́ mẹ́rin, ẹ rọra la háhá ọmọ kan láti òkè dé ìdí, ẹ tú u, ẹ gbọ̀n ọ́n. Irun hóró tó ti gbọ́mọ á já bọ́, èyí tí kò tíì gbọ́mọ á dì mọ́ ọn. Irun tó dì mọ́ ìdajì ọmọ túmọ̀ sí pé kí ẹ tún búrọ́ọ̀ṣì gbé láàárọ̀ ọjọ́ kejì.

Ọjọ́ 60 sí 104

Ìgbà yìí gba sùúrù. Nígbà tí irun bá pé nǹkan bí ọ̀sẹ̀ mẹ́ta ni ọmọ á dà bí èyí tó tó sun. Ẹ má fọwọ́ kàn án. Gúgúrú gbọ́dọ̀ gbó lórí igi títí ewé háhá yóò fi gbẹ. Láti ọjọ́ 92 ni a ti dín omi kù. A yọ hóró kan láti àárín: èékánná kò wọ ọ́ mọ́, àmì dúdú sì ti wà ní ṣóńṣó ìsàlẹ̀ tó fi so mọ́ ṣùkù. Àmì dúdú yẹn ni pé oúnjẹ ti dẹ́kun wíwọlé. A kórè lọ́jọ́ 104.

Ọmọ mẹ́wàá ló dára, ọ̀kan tẹ́ẹ́rẹ́, igi kan kò bímọ. Èyí tí kò bímọ ni igi igun tó jìnnà sí fèrèsé àti sí iná.

Gbígbẹ

Hóró gúgúrú dà bí ìkòkò tí a dé pa. Nígbà tí ooru inú rẹ̀ bá sún mọ́ 180°C, omi inú rẹ̀ á ti di nyá, agbára rẹ̀ á tó ìlọ́po mẹ́sàn-án ti afẹ́fẹ́ lásán, awọ á fọ́, inú á sì tú jáde. Omi náà gbọ́dọ̀ tó 13.5 sí 14.5% ìwúwo hóró. Tó bá dín, nyá kò ní tó. Tó bá pọ̀, awọ á rọ̀, á fọ́ kó tó àkókò. Tí awọ bá sán nítorí ooru òjijì, nyá á gbabẹ̀ jò. Ìdí nìyí tí a kò fi so ó sórí àjà ìdáná bí ti àgbàdo irúgbìn.

Àgbàdo tó wọlẹ̀ ní ìhòòhò ti di onígba aṣọ. A ṣí háhá rẹ̀ sẹ́yìn láìjá a, a so wọ́n pọ̀ ní méjì-méjì, a gbé wọn kọ́ sínú páálí tó ga 60 sẹ̀ǹtímítà, gílóòbù àtijọ́, irú èyí tó máa ń gbóná, wà nísàlẹ̀, fáànù kọ̀ǹpútà kékeré wà lókè tó ń fa afẹ́fẹ́ jáde, tẹmómítà wà láàárín. Kí gílóòbù má ṣe sún mọ́ ògiri páálí tàbí háhá. A gbé e sórí àwo amọ̀, a kò sì fi í sílẹ̀ nígbà tí kò sí ènìyàn nílé.

Afẹ́fẹ́ yàrá wà ní 28°C, ọ̀rinrin rẹ̀ jẹ́ 80%. Bí a bá mú un gbóná sí 31°C, ọ̀rinrin náà á wá sí nǹkan bí 67%, ibẹ̀ sì ni gúgúrú máa ń dúró sí nítòsí 14%. Ìwọ̀n mẹ́ta péré ni a nílò. Gílóòbù wáàtì 40 tí a kọ́kọ́ lò gbé e dé 35°C, ọ̀rinrin inú páálí sì já sí nǹkan bí 54%. Ọjọ́ mẹ́jọ ni a tó rí i, hóró ti gbẹ kọjá ààlà. Wáàtì 25 àti ihò tó fẹ̀ sí i lókè ló tún un ṣe, àmọ́ hóró tó ti gbẹ gbọ́dọ̀ mumi padà.

Báwo ni a ṣe mọ̀? Ẹ̀rọ kékeré tó ń ka ọ̀rinrin ni. Ẹ kọ́kọ́ dán an wò: ẹ fi iyọ̀ tí ẹ rọ omi díẹ̀ sí sínú ìgò, ẹ gbé ẹ̀rọ náà lé ìdérí kékeré kan lórí rẹ̀, ẹ dé e pa fún wákàtí mẹ́jọ. Ó gbọ́dọ̀ kà 75%. Tó bá kà 71, ẹ máa fi 4 kún ohun tó bá kà. Lẹ́yìn náà, ẹ bọ̀ ọ́ sínú ìgò tó kún fún hóró, ẹ dé e fún wákàtí 24. 65 sí 70% ló dára. Tiwa ka 57, ìyẹn nǹkan bí 12% omi nínú hóró.

A ń fi ọmọ méjì-méjì ra ara wọn títí hóró gbogbo wọn fi tú sílẹ̀: gíráàmù 390 lápapọ̀. Láti gbé e láti 12% sí 14%, ẹ fi 2 sọ 390 di púpọ̀, ẹ fi 86 (ìyẹn 100 tí a yọ 14 kúrò nínú rẹ̀) pín in: mìlílítà 9 omi. A dà á sí i, a dé ìgò pa, a ń gbọ̀n ọ́n lẹ́ẹ̀mẹrin lójúmọ́ fún ọjọ́ mẹ́ta, a sì jẹ́ kó jókòó fún ọ̀sẹ̀ kan kí omi lè wọ àárín hóró. Ẹ̀rọ náà wá ka 68.

Orí iná

Ṣíbí ìjẹun mẹ́ta òróró ẹ̀pà nínú ìkòkò tí ìdí rẹ̀ nípọn, hóró mẹ́ta sínú rẹ̀, ìdérí lórí. Nígbà tí mẹ́tẹ̀ẹ̀ta bẹ́, a da 100 tí a kà sínú rẹ̀, a sì ń mi ìkòkò. Nígbà tí ariwo kan jìnnà sí èkejì tó ìṣẹ́jú àáyá méjì, a sọ̀ ọ́ kalẹ̀.

Kí a tó fi omi sí i, 61 ló bẹ́ nínú 100, ọ̀pọ̀ sì jẹ́ èyí tó lanu díẹ̀ tó sì le. Lẹ́yìn omi, 93 bẹ́. A wo méje tí kò bẹ́ lábẹ́ ìmọ́lẹ̀ tọ́ọ̀ṣì: márùn-ún ní ilà tẹ́ẹ́rẹ́ lára awọ, àmì ooru gílóòbù wáàtì 40.

Hóró àárín ọmọ tó dára jù ni a yà sọ́tọ̀ fún gbíngbìn. Ti ọjà lè jẹ́ àdàlù tí ọmọ rẹ̀ kì í jọ ìyá, nítorí náà bọ́kẹ́ẹ̀tì mẹ́ta nìkan ni yóò gbà á ní oṣù Kẹwàá tó ń bọ̀. Ìyókù wà nínú ìgò tí a ti fi sí fírísà fún ọjọ́ mẹ́rin kí kòkòrò má baà lù ú. A gé pòròpòrò fún ewúrẹ́, a da omi púpọ̀ gba inú bọ́kẹ́ẹ̀tì kọ̀ọ̀kan láti fọ iyọ̀ ajílẹ̀ dànù, a sì kó wọn lọ sí ìbòòji.